Ẹ Jẹ́ Kí Folúkẹ́ Mọ Ibi tí Sìkírá Ń Lọ

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àbójútó, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú ooru, nítorí mo gbọ́ pé iná kì í dúró ní Ìkòròdú lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Lásísì, àbúrò bàbá wa, ní Ẹ̀pẹ́. Mo kí Àǹtí Múníráà ní Ìbẹ́ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Mo kí Bàbá Onílé wa, tí mo mọ̀ pé wọ́n máa ń yá ìwé ìròyìn yìí lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá kà á tán. Ara mi le, ẹ̀kọ́ mi ń lọ déédéé, iṣẹ́ kò sì dúró.

Ẹ ó máa bi ara yín pé kí ló dé tí mo fi gba inú ìwé ìròyìn kọ̀wé sí yín. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Bí mo bá ti dárúkọ ìrìn àjò Sìkírá àbúrò mi lórí fóònù, ẹ ó ní bátìrì fẹ́ kú. Nígbà kan, ẹ ní ìyàwó tó ń gbé yàrá kejì ti pa rédíò rẹ̀, ó dájú pé ó ń gbọ́ wa. Mo ní kí ẹ bọ́ síta, ẹ ní afẹ́fẹ́ máa ń gbé ọ̀rọ̀. Mo wá rò ó pé ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe tíṣà kò ní í ju ìwé sílẹ̀ láì kà á dópin.

Òtútù ń mú ní Leeds níbí. Oòrùn máa ń yọ, ṣùgbọ́n kì í mú ènìyàn lára. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Ìkẹjà kí n tó wá kàwé ni mo ṣì ń ṣe: mo ń ka ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò lò, mo ń tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi náà á sì gba ibẹ̀ dá a padà. Ìdajì owó oṣù mi ni wọ́n ń san, òun ni mo fi ń sanwó yàrá. Ó tó mi, bí n kò bá jẹ ìjẹkújẹ. Ohun tí kò tó ni ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí ilẹ̀ yóò mọ́ tí yóò sì ṣú, tí kò ní í sí ohùn kankan ní etí mi ju tèmi lọ, bí mo bá ń ka gbólóhùn kan sókè láti mọ̀ bóyá ó dùn ún gbọ́.

Bàbá òyìnbó kan ń gbé ní òdìkejì mi. Ó bi obìnrin tó ni ilé pé kí ni èmi ń ṣe jẹun, nítorí òun kì í rí i kí n jáde láàárọ̀ bí àwọn tó níṣẹ́. Obìnrin náà ní kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ará Èkó. Bàbá ní àwọn kan náà ti fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé sí òun láti Èkó rí, wọ́n ní ọba kan kú, ó fi owó sílẹ̀ fún òun. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kí i, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi kó tó dáhùn. N kò bá a wí. Ẹni tó jókòó sínú yàrá tó ní òun ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, ìfura ni yóò kọ́kọ́ gbà níbikíbi.

Ọ̀rọ̀ Sìkírá kò jù báyìí lọ. Ó ń yàwòrán ilé lórí kọ̀ǹpútà fún ọ̀gá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Ó rí àyè láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i nípa iṣẹ́ náà ní Màléṣíà fún ọdún kan. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó máa yàwòrán láti ọ̀hún kí ó sì máa fi í ránṣẹ́. Kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe ṣe ìgbà tí èmi ń bọ̀. Àṣà wa ni, n kò bá a jà: a kì í kéde ìrìn àjò títí ẹsẹ̀ yóò fi balẹ̀ níbi tí à ń lọ. Ẹ sọ fún gbogbo ẹbí pé mo lọ gba ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Bọ̀ọ̀dá Lásísì gbà yín gbọ́ débi pé wọ́n gbé gàrí àti ẹja gbígbẹ, wọ́n wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ń bi àwọn ènìyàn ní Mọ́kọ́lá bóyá wọ́n mọ Múráínà ọmọ Ẹ̀pẹ́. Títí di òní, wọ́n ṣì máa ń sọ pé Ìbàdàn ló jẹ gàrí àwọn.

Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní pápákọ̀ òfurufú níbí. Mo mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, tó sọ pé òun mọ̀ pé mo ń lọ kàwé, pé n ó máa bá iṣẹ́ lọ, pé òun yóò sì máa san ìdajì owó oṣù mi. Ìwé òtítọ́ ni. Òṣìṣẹ́ tó ń wo pásípọ́ọ̀tù ka ìwé náà, ó wò mí, ó wá fi nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ pe Ìkẹjà. Ọ̀gá ti lọ sí ìpàdé. Ọmọbìnrin tó ń gbé fóònù ló dá a lóhùn, ó ní Ọ̀gbẹ́ni Múráínà wà ní Ìbàdàn. Òṣìṣẹ́ ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní ó dá òun lójú, ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pe òun.

Wọ́n mú mi jókòó pẹ̀lú àwọn tí wọ́n fẹ́ dá padà. Òṣìṣẹ́ náà kò jágbe mọ́ mi. Ó fi sùúrù bi mí pé, bí Múráínà bá wà ní Ìbàdàn, ta wá ni èmi. Bí mo bá ní ìyá mi ló parọ́, mo ti sọ ìyá mi di òpùrọ́ lójú àlejò. Bí mo bá dákẹ́, èmi ni òpùrọ́. Mo dákẹ́. Bí kì í bá ṣe pé ọ̀gá mi dé láti ìpàdé tó sì pè wọ́n padà, ọkọ̀ òfurufú tó gbé mi wá ni ì bá gbé mi lọ. N kò sọ ọ́ fún yín nígbà náà, nítorí ohun tí ẹ ṣe, ìfẹ́ lẹ fi ṣe é. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí mo gbọ́ pé ẹ tún ti ṣe é.

Sìkírá kò fẹjọ́ yín sùn. Ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun dé ọ́fíìsì, Folúkẹ́ akọ̀wé wọn sì ní kí òun má gbàgbé láti ra wàrà bọ̀ fún un láti Ìlọrin. Ó bi í pé Ìlọrin wo. Folúkẹ́ ní kí ó jàre, Tíṣà ti wá sọ fún òun pé ẹ̀gbọ́n wọn kan ń ṣàìsàn ní Ìlọrin, Sìkírá ni yóò sì lọ tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ Folúkẹ́ ní ìwé kíkà, ìyá mi. Bí ẹ bá ní ọ̀sán ni òru, yóò lọ sùn. Sìkírá gbìyànjú láti ṣàlàyé, Folúkẹ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òun kò rí ọmọ tí kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ń rán an rí. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ohun tí Tíṣà fi ẹnu ara wọn sọ fún òun ni òun yóò sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá pè, àfi bí Tíṣà bá wá yí i padà fúnra wọn. Ọ̀gá dá sí i, Folúkẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá lọ tán, ó rọra bi Sìkírá pé kí ló kan ọ̀gá nínú pé kí ọmọbìnrin ọlọ́mọbìnrin lọ sí òkèèrè, tí ìyá rẹ̀ kò sì mọ̀ sí i.

Ọ̀gá máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé láti àárọ̀. Folúkẹ́ ni yóò gbé fóònù nígbà tí àwọn aṣojú ìjọba Màléṣíà bá pè láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìwé ọ̀gá. Ìlọrin ni yóò sì sọ fún wọn.

Mo tún gbọ́ ti ọkùnrin tí ẹ mú wá, èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò lójú ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀, tó ní òun ń bá ènìyàn gba físà. Ó ní kí Sìkírá má dárúkọ iṣẹ́ rárá nínú fọ́ọ̀mù. Ó ní ta ni yóò mọ ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ nínú yàrá rẹ̀? Ẹ sọ fún Sìkírá pé ẹ fọkàn tán an nítorí ó mọ ẹnu pa mọ́. Òótọ́ ni. Ó pa á mọ́ débi pé kò sọ ilé tó ń gbé, kò sọ orúkọ bàbá rẹ̀, kò sì dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí òun bá gba físà tó sì dé ibi tó ń lọ. Ìfura loògùn àgbà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ lo oògùn náà fún Bọ̀ọ̀dá Lásísì àti ìyàwó yàrá kejì, ẹ kò wá lò ó fún ẹni tó yẹ.

Ohun tó yẹ kí a ṣe kò ní awo nínú. Kí Sìkírá kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣojú Màléṣíà bóyá òfin wọn gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá tó wà nílé, kí ó sì tọ́jú èsì wọn. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá ni. Yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí yóò fi padà, ọ̀gá rẹ̀ sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, kí ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀ bí iṣẹ́ yóò ṣe máa lọ àti ibi tí wọn yóò máa san owó rẹ̀ sí, kí ó sì fi nọ́ńbà tirẹ̀ kún ti ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ owó orí, kí ó lọ bi àwọn tó ń gbà á kí ó tó lọ. Kí ó mú rìsíìtì kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání, nítorí nígbà tó bá ń bọ̀, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ilé wa lè ní ọ̀hún ló ti rà á. Kí ó da àwọn àwòrán rẹ̀ sórí díìsìkì, kí ẹ̀yin tọ́jú ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣí ọ́fíìsì ní Ìkòròdú, ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́lé ní Màléṣíà. Kí òun àti ọ̀gá fẹnu kò sí ìgbà tí wọn yóò máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kí lọ́yà sì ṣe ìwé tí yóò fún yín láṣẹ ní báńkì rẹ̀.

Ẹ wò ó, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ènìyàn lè ṣe láì sọ fún ẹlòmíràn. Irú iṣẹ́ yìí, ẹnu àwọn tó kù sílé ló ń gbé e ró.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yín síwá sẹ́yìn. Mo kọ́kọ́ gbà pé ayé lẹ ń bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà, mo rò pé ẹnu aládùúgbò ni: ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ ń lọ sí òkè òkun, wọn a ní Ítálì ni, wọn a ní yàhúù ni. Ṣùgbọ́n ẹ kò bẹ̀rù ẹnu ènìyàn rí. Nígbà tí bàbá wa kú, tí ẹbí ní kí ẹ kó padà sí Ẹ̀pẹ́, ẹ ní ẹni tó bá wù kó kó, Ìkòròdú ni kíláàsì yín wà. Ibẹ̀ ni ìfura mi ti yí padà, tó sì dorí kọ yín. Ẹ foríjì mí. Mo fura pé ẹ kò fẹ́ kí ó lọ. Mo fura pé ẹ mọ̀ nínú yín lọ́hùn-ún pé, bí fóònù náà bá dún tí Folúkẹ́ sì dáhùn, Sìkírá yóò wà nílé, kò sì ní í sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ̀yin lẹ dá a dúró.

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èmi ti lọ, òun ló kù. Mo mọ bí ilé ṣe ń pa rọ́rọ́ létí ẹni tó bá dá wà nínú rẹ̀.

Mo bi Sìkírá pé bí ẹ bá ní kí ó dúró ńkọ́. Ó ní òun yóò dúró, òun kò sì ní bínú, ṣùgbọ́n kí ẹ sọ ọ́ fún òun lójúkojú, kí òun má gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò pé wọn kò gba òun. Òun ló ní kí n kọ ìwé yìí, kí n sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bí inú bá ń bí yín, èmi ni kí ẹ bínú sí.

Ìyá mi, ẹ pè é jókòó kí ẹ ní kí ó má lọ. Tàbí kí ẹ wọ bàtà yín, kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn, kí ẹ sọ fún Folúkẹ́ pé Màléṣíà ni. Èyí tí ẹ bá ṣe nínú méjèèjì, n ó gbà á, n kò sì ní bi yín ní ìdí rẹ̀. Dídákẹ́ nìkan ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe.

Kí Ọlọ́run Ọba dá ẹ̀mí yín sí, kí ó fún yín ní ìlera, kí ó má jẹ́ kí ohùn ọmọ jìnnà sí etí yín, ibi yòówù kí ọmọ wà. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lágbà lọ́mọdé, àti gbogbo ẹni tó bá béèrè mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Múráínà
Leeds, Ìlú Ọba