Omi Híhó Ni, Kì í Ṣe Oògùn Rẹ

Tolúwalàṣẹ, àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù Kánádà ò dà wọ́n láàmú? Ní Aládé níbí, ẹsẹ̀ Bàbá ti ń fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ò jẹ́ kí kòkó tí a sá gbẹ.

Ọgọ́ta ti kú nínú igba adìyẹ bróílà mi. O rántí pé nígbà tí àgbàdo wọ́n, àlìkámà ni mo ń fún wọn, tí ìgbẹ́ wọn wá ń lẹ̀ bí àtè, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. O fi oògùn lẹ́búlẹ́bú ránṣẹ́, kí àlìkámà náà lè dà nínú ìfun wọn. Mo lò ó, wọn ò yé kú, mo sì pariwo nílé pé oògùn rẹ ló ń pa wọ́n. Ìdí nìyẹn tí Màmá ò fi gbé ìpè rẹ láti ọjọ́ Àìkú.

Èmi ni mo ṣì í ṣe. Ṣebí o mọ ilé wa: ẹni tí inú bá ń yọ lẹ́nu, ẹ̀kọ gbígbóná ni. Mo da omi híhó lu oúnjẹ adìyẹ àti oògùn rẹ, mo rò ó bí ẹ̀kọ. Dókítà ẹran tó wá láti Àkúrẹ́ lánàá ní omi híhó ti pa agbára oògùn náà kó tó dé ẹnu wọn.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ẹnu mi tú ilé wa ká. Màmá ń gbàdúrà ní yàrá lọ́wọ́. Bí mo bá fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ tán, mà á lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Bí wọ́n bá pè ọ́, jọ̀ọ́, tètè gbé e. Má bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò gbé tìrẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mojọlá