Ohun Tí Sààdù Ní Mo Sọ

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù yìí. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá tí ẹ jọ ń ta ọkà bàbà ní ọjà Ìpata. Mo ní kí wọ́n ka ìwé yìí lórí rédíò, torí ẹ kì í pa rédíò yín, kò sì ní sí ẹni tó máa dúró láàárín wa láti bá mi jíṣẹ́ fún yín.

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń fọ aṣọ ibùsùn. Ara mi le, àmọ́ tí mo bá tibi iṣẹ́ dé, kò sẹ́ni tí mo lè kí pé ẹ kú ilé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n wọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Olùkọ́ wa kọ́ wa ní èrò ọlọ́gbọ́n ará Faransé kan tó ti kú. Bó ṣe yé mi, tí a bá ń wá ibi tí agbára wà, ká má wo ẹni tó jókòó sórí àga nìkan. Ká wo ẹni tí ọ̀rọ̀ ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, àti ẹni tí wọn ò jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀.

Mo fi èrò yẹn wo ibi iṣẹ́ mi. Obìnrin tó ń darí wa ti ní ọ̀gá ò fún mi ní ìsinmi. Mo lọ bá ọ̀gá fúnra mi; kò tiẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ó fún mi. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, tí mo ń darí sílé, nígbà tí ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ yín. Mo bi ara mi pé, ọ̀rọ̀ tèmi tiyín ńkọ́, ọwọ́ ta ló ń gbà kọjá?

Látìgbà tí fóònù yín ti bàjẹ́, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi Sààdù nìkan ni mo ti ń gbọ́ yín. Òun ló ní ẹ ṣì ń bínú pé mo lọ, pé kí n má wá sílé fún Iléyá. Mo bẹ Ràmátù, ọmọ ará ilé kejì, kó wá bi yín nígbà tí ẹ bá dá wà. Ó ní ẹ sunkún. Ó ní Sààdù ti sọ fún yín pé èmi ni mo ní kí ẹ má pè mí mọ́, nítorí pé ará ilé ọkọ mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi, mi ò tíì lọ́kọ.

Mo pe Sààdù. Mo rò pé ó máa jiyàn. Ó kàn bi mí pé, “Tí ẹ̀yin méjèèjì bá ń bára yín sọ̀rọ̀, kí ni ẹ fẹ́ fi mí ṣe?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju irọ́ náà lọ. Ẹni tó ń fà mí lọ́wọ́ lọ sílé kéú nìyẹn o. Wọ́n ní inú ilé ni aṣeni ń gbé. Mi ò gbà á gbọ́ rí.

Mi ò ní kí ẹ ṣépè fún un. Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ wálé fún Iléyá yìí. Tí ẹnikẹ́ni bá ní mo ní mi ò wá mọ́, ẹ bi í pé ìgbà wo ló di ẹnu mi. Fóònù Ràmátù ni màá pè ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Ọlọ́hun á dá ẹ̀mí yín sí, á sì jẹ́ ká fojú kanra. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Sààdù nìkan ni mi ò tíì lè kí.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àwáwù.