Epo Tí Mo Fi Pamọ́ Sínú Ọkọ̀ Mọ́tọ́lá

Ìkọ̀yà,
Ọjọ́rú.

Mọ́tọ́lá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ọ̀nà Èkó tí o ń tọ̀ lójoojúmọ́. Ṣé ara le? Ọrùn tí o ní ó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń yí dáadáa? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò tíì sú láti máa jí wa. Ìyá rẹ kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùlé ti yọ ewé tuntun, ewúrẹ́ Vincent tó múlé tì wá sì ti jẹ ìdajì rẹ̀. Wọ́n ń kun ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀dà tán nígbà tí wọ́n dé orí pẹpẹ.

Mo mọ̀ pé mo kàn ń fi ìròyìn sún ọ̀rọ̀ síwájú ni. Ojú ló ń tì mí. Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Àìkú, mo gbé fóònù fún ìyá rẹ, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Mo yan lẹ́tà nítorí pé o kò ní gbọ́ bí ohùn mi ṣe ń gbọ̀n nínú rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí lójú tèmi. Ọkọ̀ rẹ pupa tí o gbé wá yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa láti Kérésìmesì, ọkọ̀ oge ni, ó ní àga aláwọ, ó ní kápẹ́ẹ̀tì. Lọ́tẹ̀ yìí, o ní o kàn yà kí wa ni kí o tó lọ síbì kan lẹ́yìn Òrè lọ́jọ́ Sátidé. Mo wo inú ọkọ̀, kò sí àga lẹ́yìn mọ́. Kò sí kápẹ́ẹ̀tì, irin lásán ló wà nílẹ̀. Ẹ́sítírà táyà ti lọ. O lẹ téèpù mọ́ iná iwájú méjèèjì, mo ní gíláàsì ti là, o kò rówó ra òmíràn. O de irin kan tó rí bí òrùka mọ́ iwájú rẹ̀ kí wọ́n lè máa fi okùn fà á, mo ní ẹni tó ni ọkọ̀ yìí ti mọ̀ pé yóò kú lójú ọ̀nà. Bẹ́líìtì àga rẹ pọ̀ bí èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù. Nọ́ńbà ńlá funfun sì wà lára ilẹ̀kùn, bíi tàwọn ọkọ̀ páàkì Òkìtìpupa.

O mọ̀ pé mo máa ń kàwé, ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di ẹ̀pà pàápàá, mo máa ń tú u kà kí n tó jẹ ẹ̀pà náà. Ẹni tó bá ń kàwé máa ń fẹ́ so nǹkan pọ̀, mo sì so ó pọ̀. Mo ní iṣẹ́ báńkì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o ti ta inú ọkọ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀, ìyókù lo wá fi ń kó ẹrù. Vincent yí ọkọ̀ náà po, ó fọwọ́ gbá a, ó ní Bàbá Mọ́tọ́lá, ṣé akẹ́rù ni wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì báyìí, ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́ kí o bá òun gbé gáàrí lọ sí Èkó, kí o má ṣe gba owó àjèjì lọ́wọ́ òun. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Mo wọlé, n kò lè jẹ pupurú tí ìyá rẹ gbé sílẹ̀. Mo bi ara mi bóyá ìyà tó ń jẹ ọ́ ló ń dùn mí, àbí pé Vincent rí i.

O mọ bí a ṣe ń ṣe níhìn-ín. Ọmọ tó bá gbé ọkọ̀ wálé kì í gbé e padà lófìfo, àfi ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ ti kọ̀. Gbogbo àdúgbò ló máa ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà bó ṣe ń jáde, bó bá ti tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé a fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde, o ní ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ má fi ohunkóhun sínú ọkọ̀ yìí, ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ni. Ó ní ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán ló wá wúwo. O ní Bíbélì tó wà nínú rẹ̀ gan-an, o ti yọ ọ́. Ìyá rẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ padà wọlé. Mo ní ọmọ yìí rò pé a kò ní, ìyẹn ni kò ṣe fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa.

Nítorí náà, nígbà tí o gun ọ̀kadà lọ kí ìyá àgbà l'Óde-Ayé, mo mú kọ́kọ́rọ́ tí o fi sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo ṣí búùtù. Mo gbé pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo rí kòtò roboto tí ẹ́sítírà táyà wà tẹ́lẹ̀, àfi bíi pé kẹ́ẹ̀gì epo pupa ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo tuntun sí i, mo fi ìṣù pupurú gbígbẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má yí. Ìdérí rẹ̀ ti sọnù, mo fi ọ̀rá dí i, mo fi okùn dè é, bí mo ti máa ń ṣe. Epo tí mo dì báyẹn ti wọ takisí dé Òkìtìpupa láìmọye ìgbà, kò ta sílẹ̀ rí. Mo dá pákó padà, inú mi dùn. Mo ní bí o bá dé Èkó tí o rí i, ìwọ yóò sunkún. O sì sunkún lóòótọ́.

Ìyá rẹ ti wá ṣàlàyé bí o ṣe ṣàlàyé fún un. Iṣẹ́ rẹ wà níbẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo yọ àga kí ọkọ̀ lè fúyẹ́ fún eré ìje. Téèpù kò ní jẹ́ kí gíláàsì fọ́n ká, nọ́ńbà sì wà kí àwọn tó ń wò yín lè mọ ẹni tó ń kọjá. Ẹ sanwó kí ẹ lè sáré yí pápá àtijọ́ kan po, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú kì í balẹ̀ sí mọ́, kò sẹ́ni tí ẹ ń lé, kò sẹ́ni tó ń lé yín, ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ náà lẹ ó padà sí. Mo rò ó títí. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni èmi ṣe ń ka Sáàmù kan náà láràárọ̀.

Wọ́n ní ọ̀gá tó ń yẹ ọkọ̀ wò níbẹ̀ wo bíréèkì, ó wo táyà, ó bi ọ́ bóyá nǹkan kan wà ní búùtù. O ṣí i, o ní òfìfo ni, o fi orúkọ mi búra. Ní kọ́nà kejì, ọ̀rá já. Epo gba ihò ìdí kòtò náà dà sójú ọ̀nà, táyà rẹ tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ rẹ pòòyì, àwọn méjì tó ń bọ̀ lẹ́yìn yọ̀ wọ inú koríko. Ọlọ́run yọ gbogbo yín. Wọ́n dá eré dúró fún gbogbo ènìyàn, àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn wá ń da iyẹ̀pẹ̀ sórí epo mi. Ẹnì kan bi ọ́ bóyá àkàrà lo fẹ́ dín. Ọ̀gá yẹn ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá purọ́ nípa búùtù kò ní wọ pápá òun mọ́.

Irọ́ tó ní o pa yẹn ló gún mi. O kò purọ́. Èmi ni mo fi irọ́ sí búùtù rẹ, tí mo sì fi pákó bò ó.

Susan ọmọ Vincent fi fídíò eré náà hàn mí lórí fóònù. Mo kígbe sí ọ níbẹ̀ pé kí o dúró, o kò gbọ́. Mo ní kí ó dá a padà, kí ó sì dá ọ dúró kí o tó dé kọ́nà náà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí ọkọ̀ rẹ, ó dúró jẹ́ẹ́, ó mọ́ tónítóní. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Má fi í sínú fóònù Susan, nítorí n kò mọ iye tí yóò há sínú rẹ̀ kí ó tó jáde, fún awakọ̀ kan ní páàkì kó bá mi mú un wá. Mo fẹ́ kí o mú mi lọ bá ọ̀gá yẹn. N ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, n ó sọ fún un pé èmi ni Bàbá Mọ́tọ́lá, èmi ni mo ni epo, ọmọ mi kò mọ̀. Kí ó bá mi wí lójú gbogbo wọn. Ìyá rẹ ní ṣé ojú kò ní tì mí. Mo ní ìtìjú náà ti wà lọ́wọ́ mi, kí n kúkú gbé e lọ síbi tí yóò ti wúlò.

Ọlọ́run yóò tẹ́ ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ. Ohun tí ìfẹ́ bá fi sẹ́yìn rẹ láìsọ fún ọ kò ní yí ọ dànù. Ẹni tó bá bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ yóò gbà ọ́ gbọ́. Àmín.

Bí mo bá ń bọ̀, má wo ọwọ́ mi o. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, n kò lọ sọ́dọ̀ rẹ lọ́wọ́ òfìfo rí. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní gbé nǹkan kan dání.

Èmi ni bàbá rẹ,
Philemon.