Màmá Ẹ-Má-Wúkọ́ àti Ìlà Orin Tó Kù

Ọdún 1941 ni wọ́n bí màmá wa, olóògbé, sílé bàbá tó ń tún rédíò ṣe àti ìyá tó ń ránṣọ. Nídìí rédíò tí bàbá wọn bá tún ṣe tán ni wọ́n ti kọ́ àwọn orin ìfẹ́ àtijọ́, orin ẹni tí olólùfẹ́ fi sílẹ̀ lọ. Wọ́n parí ìwé mẹ́fà ní 1954.

Ní 1963, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, atẹdùrù òtẹ́ẹ̀lì tí Màmá ti ń kọrin fún àlejò. Bàbá fi ayé sílẹ̀ ní 1971. Láti ọjọ́ náà ni orin Màmá ti ń bà wá lẹ́rù. Orin kan wà tí wọ́n fẹ́ràn jù; bí wọ́n bá dé ibi tí obìnrin inú rẹ̀ ti ń dúró de olólùfẹ́ lójú fèrèsé, wọ́n á di etí dùrù mú, ojú wọn á yí padà, àwọn agbáwo á gbé àwo sílẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á pa lọ́lọ́. Ẹni tó bá wúkọ́ gbé! Màmá á dákẹ́, wọ́n á wò ó títí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ Ẹ-Má-Wúkọ́.

Nínú ìdánrawò, wọn kì í kọ ìlà ìkẹ́yìn orin yẹn láéláé. Wọ́n á ní, "Bí mo bá fi ìtọ́wò jẹ ọbẹ̀ tán, kí ni màá bù fún àlejò?"

Ogójì ọdún ni wọ́n fi darí akọrin ìjọ, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń kọ́ àwọn opó lórin ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Ní 2016, dókítà ní ọkàn wọn ò lágbára mọ́, pé orin yẹn lè gbẹ̀mí wọn. Jìnnìjìnnì bò wá. A gbé bàtà ìtàgé wọn pamọ́ sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Àṣé a kàn ń tan ara wa jẹ ni. Wọ́n jáde sí gbọ̀ngàn láìwọ bàtà: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹsẹ̀ ni mo fi ń kọrin ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Àwa jókòó síwájú, à ń ka èémí wọn.

Ní Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2019, lọ́sàn-án, wọ́n ń dánra wò ní pálọ̀, àbígbẹ̀yìn wọn ń fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó ku ìlà kan, wọ́n dákẹ́, wọ́n dijú. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ̀rù ò bà wá nìyẹn, nítorí ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń dúró sí. A lọ bu omi fún wọn. Ìgbà tí a fi máa padà dé, Màmá ti lọ.

Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti àbúrò obìnrin kan sílẹ̀. Ohùn tí fóònù gbà yẹn la máa gbọ́ lẹ́bàá sàréè lónìí. Àyà wa ti ń já. Tó bá dúró níbi tó ku ìlà kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn parí ẹ̀. Ẹ má sì wúkọ́.

Ẹ sùn re, Màmá. Ẹ parí ẹ̀ fún Bàbá.