Ìwé Tí Bàbá Mi Ní Àwọn Ti Kọ Tán

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi láṣìírí.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Ọdún méjì rèé tí wọ́n ti ń kọ ìtàn ayé wọn sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní pálọ̀. Láràárọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pariwo. Nígbà tí kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì, mo ra òmíràn, mo ń kó fáìlì wọn sínú rẹ̀. Wọ́n dúró tì mí: "Rọra o, ayé mi lo gbé dání yẹn."

Fáìlì tí mo bá níbẹ̀ lé ní irínwó, ojú ewé kan náà sì ni gbogbo wọn: "Òjò pọ̀ lọ́jọ́ tí a bí àkọ́bí wa. Lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, ìyàwó mi dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní..."

Ibẹ̀ ni gbogbo wọn dúró sí. Àṣé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbàgbé pé àwọn ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni àkọ́bí náà. Mo bi wọ́n pé kí ni Màmá sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ó wà nínú ìwé. Lọ kà á."

Ní báyìí, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Ṣé kí n sọ òótọ́ fún Bàbá ni, àbí kí n jókòó kọ ìyókù? Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Màmá mi ti kú. Bí mo bá ní kí n kọ ọ́, kí ni kí n kọ pé wọ́n sọ?