Ọjọ́ Tí Iṣẹ́ Mi Yé Wọn Nílé

Ìyá mi àtàtà,

Ara gbogbo wa le ní Bẹyẹrúnká. Ìròyìn kan wà lẹ́nu mi tó jẹ́ ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Ẹ papò dà láìmọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an. Nígbà ayé yín, bí wọ́n bá bi yín l'Ọ́jà'ba, ẹ ó ní ọmọ yín wà lọ́dọ̀ dókítà òyìnbó, ẹ ó sì yí ọ̀rọ̀ sórí aṣọ aláró yín. Ẹ̀fọn là ń wádìí, ìyá mi: ibi tó ń yé sí, bó ṣe ń dàgbà, àti irú èyí tó ń gbé ibà.

Lóṣù tó kọjá, àwọn wolé-wolé ìjọba da omi ìkòkò gbogbo agboolé wa nù nítorí ẹ̀fọn. Baálé bínú. Ó búra pé ẹni tó bá ń bá ìjọba ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní wọlé wa mọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀. Èmi ló ń bá wí.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀, mo sì ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kọ́ mi, pé inú omi ìkòkò lẹ̀fọn ti ń dàgbà. Kò yé ẹnì kankan. Ìyá Sùúrá, orogún yín, ní, “Omi tí mo ti ń mu láti kékeré ló wá di àìsàn lónìí?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín. Ẹ kì í fẹnu kọ́ wa níṣẹ́ aró. Ẹ ó ní ká tọwọ́ bọ̀ ọ́, ká wò ó, ká gbóòórùn ẹ̀. Mo bu omi nínú ìkòkò Ìyá Sùúrá sínú ìgò, tòun ti tanwíjí, kòkòrò wínníwínní tó ń jó nínú ẹ̀. Mo fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so ó lẹ́nu, mo sì fi í sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí mo padà dé ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ariwo ni mo bá. Ẹ̀fọn ló ń fò nínú ìgò.

Baálé ní, “Ta ló kó wọn síbẹ̀?”

Ìyá Sùúrá ní, “Kò sẹ́ni tó ṣí i. Àṣé àwa la ń fọwọ́ ara wa sìn wọ́n!”

Baálé yíjú sí mi. “Kí ló dé tí wọn ò fi èyí hàn wá kí wọ́n tó da omi wa nù?”

Ìyá mi, èsì wo ni ẹ̀ bá fún un?

Ibà tó mú Rábíù àbúrò mi lọ, oòrùn lẹ di ẹ̀bi rẹ̀ rù títí ẹ fi kú. Ó ń dùn mí pé mi ò tíì mọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́, ìyá mi. Orúkọ nǹkan ni wọ́n kọ́ mi níléèwé. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí a ṣe ń fi nǹkan han èèyàn.

Lánàá, àlejò kan láti Ọ̀rányàn bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe. Baálé ò jẹ́ kí n lanu. Ó fà á lọ́wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, síbi àpáàdì kan tí omi òjò dúró sí, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó wò ó dáadáa.

Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ yín.

Èmi ni, ọmọ yín tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.