Àmì Ìkanlẹ̀kùn

Bàbá àwọn ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àárò wa. Dáadáa la wà níbí. Àbúrò ti hu eyín iwájú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti mọ okùn bàtà í so.

Màmá yín ní kí n kí yín kí wọ́n tó lọ sípàdé lánàá. Ọmọ ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá bá mi tọ́; ẹ wò ó, wọ́n ti di olórí àwọn ayálégbé tí wọ́n fẹ́ wó ilé wọn. Ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo wọn ń wá. Ó ní bí wọ́n ṣe máa ń kanlẹ̀kùn kí a lè mọ̀ pé àwọn ni: kó-kó, sinmi díẹ̀, kó. Àwọn ọmọ ló máa ń sáré lọ ṣí i.

Ọkùnrin kan wá tún iná ṣe níjẹta. Iná ò bàjẹ́, mi ò sì pe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó lọ́yàyà! Ó bá àwọn ọmọ ṣeré títí wọ́n fi kọ́ ọ ní ìkanlẹ̀kùn wa.

Màmá ò tíì dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn náà ò dé. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wọn.

Ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn báyìí: kó-kó, sinmi díẹ̀, kó. Àwọn ọmọ pariwo pé Màmá àgbà dé. Mo ti fà wọ́n padà sórí itan mi, mo ní ẹni tó bá dákẹ́ jù ló jẹ. Màmá ní kọ́kọ́rọ́. Wọn kì í kanlẹ̀kùn.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Àwọn ọmọ náà ń kí yín o. Ọwọ́ ni wọ́n ń jù, wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Ìyàwó yín